Mo lọ wo àwọn ilé tó fẹ̀yìn tira, tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé láyé àtijọ́ ní Birmingham

Bí ẹ bá ń gbé Birmingham tàbí ọ̀nà bá gbé yín gba ibẹ̀, ẹ wá àyè lọ wo àwọn ilé tí National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ibi ìtàn, ń tọ́jú ní Hurst Street, nítòsí gbọ̀ngàn eré Hippodrome. Ẹ ò kàn lè yà wọlé o. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, torí èèyàn díẹ̀ ni afinimọ̀nà ń kó wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n kọ́ àwọn ilé náà yí àgbàlá kan ká láàárín 1802 sí 1831, nígbà tí èrò ń ya wá sí Birmingham láti wá ṣiṣẹ́ irin, gíláàsì àti bọ́tìnnì. Àwọn tó kọ́lé fẹ́ gba owó ilé púpọ̀ lórí ilẹ̀ kékeré, ni wọ́n bá kọ́ wọn ní méjì-méjì, ògiri ẹ̀yìn kan náà. Ọ̀kan kọjú sí ìgboro, èkejì kọjú sí àgbàlá. Kò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sí fèrèsé ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà gbà kọjá. Yàrá kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí rẹ̀, ọ̀kan lókè pátápátá. Ṣáláńgá àti ilé ìfọṣọ wà lágbàlá fún gbogbo ayálégbé. Ìlú náà fòfin de kíkọ́ irú ilé yìí ní 1876. Wọ́n ti wó ìyókù. Àgbàlá yìí nìkan ló ṣẹ́ kù lódidi, 2004 ni wọ́n sì ṣí i fún aráàlú.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé ìdílé tó gbé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń sọ ìtàn rẹ̀. Levy, tó jẹ́ Júù, ń ṣe ọwọ́ aago. Oldfield ń fi gíláàsì ṣe ẹyinjú. Nínú yàrá àwọn ọmọ Oldfield, àlejò tó ń sanwó ibùsùn ló ń sùn lápá kejì, aṣọ títa nìkan ló wà láàárín. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀, mo ń ro ti ìyá ilé: báwo ló ṣe ń fojú oorun kan oorun?

Ṣùgbọ́n ti George Saunders ló gbà mí lọ́kàn jù. Télọ̀ ni, láti St Kitts, erékùṣù kan ní Caribbean, ló ti wá ní 1958. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé, síbẹ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, wọn ò fẹ́ gbà á síṣẹ́ tó kọ́. Kò jáwọ́ títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ní 1966, wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé inú àwọn ilé náà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ò kógbá, ibẹ̀ ni Saunders sì ti ránṣọ títí di 2001. Àwọn ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí ìlú òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn dé yàrá yìí. Ó yẹ kí wọ́n rí ọwọ́ ẹni dúdú nínú ìtàn ìlú tí wọ́n ń dàgbà sí.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, ó ga, ó tún lọ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tó gbọ́mọ pọ̀n yóò rí ìnira. Lára àwọn ilé náà, méjì wà ní apá Inge Street tí wọ́n ń háyà fún ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú, ẹ tètè béèrè bó bá wù yín.