Ẹ yẹ ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn: ilé àyẹ̀wò tí mo lò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń kọ èyí fún, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yín máa ń bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru ní kété tí ẹ bá ti gba ọmú lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lò. Wọ́n á gba ìgbẹ́ ẹran lọ́wọ́ yín, wọ́n á gbin kòkòrò àìfojúrí (bakitéríà) inú rẹ̀ títí á fi hù, wọ́n á fi oògùn oríṣiríṣi dán an wò, wọ́n á wá fún yín ní ìwé tó sọ oògùn tó ṣì ń pa á àti èyí tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́. "Culture" ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Mo ti lò ó, mo sì máa tún lò ó.

Òkè-Àró ni oko mi wà. Ẹni tó bá mọ Òkè-Àró mọ̀ pé ilé ẹlẹ́dẹ̀ wa fara kan ara wọn ni. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi, omi ìdọ̀tí kan náà ló sì ń ṣàn kọjá lẹ́yìn gbogbo wa. Ní 2020 tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ya wọ ibẹ̀, ẹran lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Látìgbà náà ni jìnnìjìnnì ti mú wa. Bí ẹlẹ́dẹ̀ kan bá kọ oúnjẹ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ẹnìkan ti sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran. Bẹ́ẹ̀ ibà yẹn kì í ṣe ohun tí oògùn apakòkòrò (antibiotic) ń wò, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò sì gbóògùn. Síbẹ̀ oògùn ń tà. Oxytetracycline, tylosin, enrofloxacin, colistin oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi, gbogbo rẹ̀ wà lórí pẹpẹ. Ẹ nawọ́ sí i, ẹ sanwó, ẹ máa lọ. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ yín.

Ilé àyẹ̀wò tí mo gbé ìgbẹ́ lọ wà ní Èkó, ti aládàáni ni. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí iṣẹ́ náà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹni tí Èkó bá jìnnà sí, ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Abẹ́òkúta.

Ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni ìbéèrè tí wọ́n bi mí lórí fóònù kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n? Ìgbà wo lẹ gba ọmú lẹ́nu wọn? Ṣé omi lásán ni ìgbẹ́ náà, àbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀? Oògùn wo lẹ ti fún wọn? Obìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ti èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ wá o. Kòkòrò tí a ń wá lè má hù mọ́." Wọ́n ní kí n fi òwú orí igi tí wọ́n fún mi gba ìgbẹ́ náà ní ìdí ẹran fúnra rẹ̀, kí n má ṣe gbà á nílẹ̀, nítorí ti ilẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ti gbogbo ẹran inú ilé. Kí n kó o sínú kúlà tó ní yìnyín, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n fi fọ́tò àwo tí wọ́n fi gbin kòkòrò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, bẹ́ẹ̀ mi ò béèrè. Nínú àwo kìíní, ó hù ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. E. coli ni, kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun. Wọ́n wá Salmonella, kòkòrò mìíràn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọn ò rí i. Nínú àwo kejì ni wọ́n to ègé bébà róbótó róbótó sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oògùn tí wọ́n rẹ ẹ́ sí. Níbi tí oògùn bá ti pa kòkòrò, àlàfo á yí bébà náà ká, wọ́n á sì wọn fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. Ti oxytetracycline kò ní àlàfo kankan. Kòkòrò náà hù títí dé etí bébà. Ampicillin, bákan náà. Àlàfo enrofloxacin kò tó nǹkan. Gentamicin nìkan ni tirẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Mo tẹjú mọ́ fọ́tò yẹn fún ìgbà pípẹ́. Oxytetracycline ni ọ̀pọ̀ wa ní Òkè-Àró kọ́kọ́ máa ń sá tọ̀, kòkòrò yìí sì ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Níwájú colistin, òfo ni wọ́n fi sílẹ̀. Mo pè wọ́n láti béèrè ìdí. Dókítà ibẹ̀ ṣàlàyé pé bébà kò ṣeé fi dán colistin wò, torí oògùn náà kì í tàn káàkiri dáadáa nínú oúnjẹ tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò, àlàfo tó bá hàn sì lè tan ènìyàn jẹ. Inú omi ni wọ́n ti ń dán an wò, ní ìwọ̀n oògùn tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn ò sì ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá kọ ohun tó wù ú síbẹ̀ kí n máa bá tèmi lọ. Òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gba gbogbo ìyókù èsì náà gbọ́.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ colistin? Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá fún ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ ni dókítà ènìyàn máa ń gbé jáde nílé ìwòsàn nígbà tí àwọn oògùn yòókù bá ti kùnà. Ní oṣù kọkànlá 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé àwọn rí jíìnì kan (àbùdá tí kòkòrò ń jogún), mcr-1, lára E. coli ẹlẹ́dẹ̀, lára ẹran tí wọ́n ń tà, àti lára àwọn aláìsàn. Jíìnì yìí ló ń jẹ́ kí kòkòrò yè bọ́ lọ́wọ́ colistin. Èyí tó burú jù ni pé kòkòrò kan lè fà á lé òmíràn lọ́wọ́, kódà bí wọn kì í bá ṣe irú kan náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rí i káàkiri ayé. Ní 2017, Ṣáínà fòfin de pípo colistin mọ́ oúnjẹ ẹran kó lè tètè sanra. Láti 2006 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de gbogbo oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò fún irú èyí. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà oko ń tà á bí ẹni ta iyọ̀.

Dókítà náà ò kàn ní kí n lọ ra gentamicin kó wá gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní kí n tọ́jú àwọn tó ń ṣàìsàn nìkan, kí n wọn wọ́n kí n lè mọ ìwọ̀n oògùn, kí n sì rántí pé gentamicin máa ń pẹ́ nínú kíndìnrín ẹran, torí náà kí n má ṣe jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ tó gbà á dé ọ̀dọ̀ alápatà láìpé ọjọ́. Ó ní omi tó ń ṣòfò lára wọn ló ń pa wọ́n. E. coli wà nínú ìfun gbogbo ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń fa àìsàn ní ohun tó fi ń di ògiri ìfun mú, ó sì ń tu májèlé tó ń fa omi ara ẹran sínú ìfun. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni kí n kọ́kọ́ gbé sí wọn níwájú. Lẹ́yìn náà ló bi mí bí mo ṣe ń gba ọmú lẹ́nu wọn. Ó ní kí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí n má ṣe yí oúnjẹ padà lọ́jọ́ kan náà, kí n má sì kó ọmọ ìyá méjì, mẹ́ta pọ̀ sójú kan. Kí ilẹ̀ gbẹ, kó sì móoru. Bí mo bá kó ẹran kúrò nínú ilé kan, kí n fọ̀ ọ́, kí n jẹ́ kó gbẹ kí òmíràn tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ tí mo gba ọmú lẹ́nu wọn lẹ́yìn ìgbà náà, ìgbẹ́ díẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ ló wò wọ́n, mi ò fún wọn ní apakòkòrò kankan.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wà o. Wọn ò sọ fún mi kí n tó sanwó pé àwọn kì í wá Clostridium, kòkòrò tó ń pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, torí pé ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ẹni tí àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí bá ń kú lè sanwó lórí asán. Ìwé èsì náà kún fún S, I àti R, láìsí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀. Ká ní mi ò pè ni, mi ò ní mọ̀ pé S ni oògùn tó ń pa kòkòrò náà, I ni èyí tó wà láàárín, R sì ni èyí tí apá rẹ̀ ò ká a. Ní ti owó, kò tó ti àpò oúnjẹ méjì, n ò rí i bí ohun tó wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ò parí sínú ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń fi ọwọ́ kan náà jẹun, àwọn olóko ẹ̀fọ́ sì ń wá kó ìgbẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ló kú káàkiri ayé nítorí bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́. Tí a bá sì fi wé iye ènìyàn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ló ti le jù. Mo ra ọṣẹ àti ike omi sí ẹnu ọ̀nà oko lọ́sẹ̀ tí èsì náà jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì béèrè kòkòrò tí wọ́n lè wá àti èyí tí wọn ò lè wá. Ẹ má gbé e lọ lọ́jọ́ Ẹtì, torí wọn kì í ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá sì ní aládùúgbò tí ẹran tirẹ̀ náà ń ṣu gbuuru, ẹ jọ gbé e lọ. Owó ọkọ̀ kan lẹ máa san, dókítà á sì mọ̀ bóyá kòkòrò kan náà ló ń gba ẹ̀yìn ògiri yín kọjá.