FindAPhD tàbí EURAXESS: èwo ló wúlò fún ẹni tó ń wá PhD olówó oṣù láti Ìjẹ̀bú?

Ẹni tó bá ka sáyẹ́ǹsì tàbí ẹnjiníárìn jáde ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun tàbí Ìlíṣàn, tó sì fẹ́ ṣe PhD lókè òkun láìta ilẹ̀ bàbá ẹ̀, kò nílò ẹjẹ́ǹtì. Orí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó ilé-ìwé ni ẹjẹ́ǹtì ti ń rí kọmíṣọ̀n gbà. PhD tí wọ́n ń sanwó fúnni láti ṣe kò mú nǹkan kan wọlé fún un, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dárúkọ ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni FindAPhD àti EURAXESS, ìkànnì méjì tí wọ́n ti ń kéde irú PhD bẹ́ẹ̀, dátà nìkan lẹ máa rà.

FindAPhD ló rọrùn láti lò jù, ti Ìlú Ọba ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àmì kékeré tó wà lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹ bá rí "Self-Funded PhD Students Only", ẹ má wulẹ̀ ṣí i. "UK Students Only" ò kàn yín. "Competition Funded" ní tiẹ̀, owó ò tíì so mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin àtàwọn tó fẹ́ iṣẹ́ mìíràn lẹ jọ máa du owó kan náà. "Funded PhD Project (Students Worldwide)" ni tiwa, síbẹ̀ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: àwọn mìíràn ń san iye tí ọmọ onílùú ń san nìkan, àfikún owó ilé-ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò á wá já lé yín lórí, ó sì lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ́dún. Láti 2021 ni UKRI, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí níbẹ̀, ti ń jẹ́ kí àlejò gbà nínú owó yìí, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ ju 30 nínú 100 lọ.

Ojú EURAXESS, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń darí, ò fani mọ́ra, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Síbẹ̀, òun la fi ṣíwájú, torí iṣẹ́ gidi ni púpọ̀ nínú PhD ibẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti owó oṣù. Níbi tí wọ́n ti ń yan ipò, ẹ mú R1, ìyẹn ipò olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tẹ "MSCA Doctoral Networks" síbi ìwárí. MSCA (Marie Skłodowska-Curie Actions) ni ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń náwó sí àwọn olùwádìí. Oṣù 36 ni owó MSCA sábà máa ń gbé. Wọn ò wo orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ẹ má tíì ní PhD, kí ẹ má sì ti gbé orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́. Ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti yege nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì lórí másítà ní Jámánì, kó fi Jámánì sílẹ̀, kó kọjú sí Netherlands tàbí Bẹ́ljíọ́mù.

Aago Brussels ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọjọ́ ìparí. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, 23:59 tiwọn, 22:59 ni lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá dúró de alẹ́ ọjọ́ náà, tí iná tún lọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

(Amẹ́ríkà ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí; orí ìkànnì yunifásítì kọ̀ọ̀kan la ti ń wá tibẹ̀, oṣù Kejìlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti ilẹ̀kùn.)

Ohun tó ń ba ìwé jẹ́ jù ni CV tí wọ́n bá yín tẹ̀ ní kafé: ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀, "married" tàbí "single". Kò sẹ́ni tó bi yín. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀, kí ẹ fi àkọlé iṣẹ́ àṣekágbá yín, ẹ̀rọ tí ẹ fi ṣe àyẹ̀wò, àti ètò kọ̀ǹpútà bíi MATLAB tàbí Python tí ẹ mọ̀ ọ́n lò, dípò. Olùkọ́ tó máa jẹ́rìí yín, ímeèlì yunifásítì ni kó fún yín, kì í ṣe Gmail, kí ẹ sì fi ìkéde iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i kó tó kọ̀wé. Ní ti IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tíì sanwó ẹ̀: ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n á gba lẹ́tà tí ilé-ìwé yín kọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín.