Bọ́ọ̀sì pupa Lọ́ńdọ̀nù: òun gan-an ni kí ẹ fi wo ìlú náà

Tí ẹ bá fẹ́ lọ wo Lọ́ńdọ̀nù fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, tí ẹ ti wá ń wo oríṣiríṣi tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún àlejò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra ná. Kẹ́ ẹ tó san owó gọbọi fún bọ́ọ̀sì aláìlórùlé tó ń gbé àlejò kiri, ẹ gbọ́ tèmi lórí bọ́ọ̀sì pupa táwọn ará ìlú fúnra wọn ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo ti wọ méjèèjì. Ti ará ìlú ni mo fọwọ́ sí, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sì sọ ibi tí ìkarùn-ún wọlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, torí ibẹ̀ ló ti dùn jù. Lásìkò tí mo lò ó, £1.75 ni wọ́n ń gbà, ẹ báà sọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù kejì, ẹ báà jókòó sínú ẹ̀ títí dé òpin ọ̀nà. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó yẹn, bọ́ọ̀sì mìíràn tẹ́ ẹ bá tún wọ̀, ọ̀fẹ́ ni, Hopper ni wọ́n ń pe ètò yẹn, láti 2016 ló ti wà. Tí owó bọ́ọ̀sì yín bá sì ti pé £5.25 lọ́jọ́ kan, ó parí nìyẹn, ẹ wọ bó ṣe wù yín, wọn ò ní yọ nǹkan kan mọ́ títí di ìdájí ọjọ́ kejì. Ẹ ò ní láti forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń ṣírò ẹ̀. Àárọ̀ o, ìrọ̀lẹ́ o, iye kan náà ni, kò dà bíi Tube, ìyẹn reluwé abẹ́ ilẹ̀, tí owó ẹ̀ máa ń gbéra sókè láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ní 6:30 sí 9:30 àárọ̀ àti 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa san án rọrùn gan-an, àmọ́ ó níbi tó ti ń gé èèyàn jẹ. Láti 2014 ni wọn ò ti gba owó ọwọ́ nínú bọ́ọ̀sì mọ́, torí náà káàdì báǹkì tó jẹ́ contactless, ìyẹn èyí tí wọ́n kàn ń fi kan ẹ̀rọ, tàbí fóònù tẹ́ ẹ ti fi káàdì sí, tàbí káàdì Oyster, ìyẹn káàdì ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń kó owó sí, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa lò. Ẹ gbé e lé ojú ẹ̀rọ yẹ́lò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó dún, iná ẹ̀ tàn, ẹ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, ẹ má fi kan nǹkan kan, ẹ kàn máa sọ̀ ni. Ti Tube ló yàtọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kàn án nígbà tẹ́ ẹ wọlé kẹ́ ẹ sì tún fi kàn án nígbà tẹ́ ẹ jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó tó ga jù ni wọ́n máa gé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ohun kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, torí fóònù yín àti káàdì yín, kódà tó bá jẹ́ àpò báǹkì kan náà ni wọ́n ti ń fa owó, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn kà wọ́n sí, ti £5.25 tí mo sọ yẹn ò wá ní í pé bọ̀rọ̀. Ọkọ àtìyàwó náà ò lè jọ lo káàdì kan, kálukú ló máa mú tiẹ̀ dání. Àwọn ọmọdé tí ò tíì pé ọdún 11 ò san nǹkan kan nínú bọ́ọ̀sì, wọn ò sì san nínú Tube náà tí àgbà tó sanwó bá mú wọn dání.

Ó wá ku ibi tẹ́ ẹ máa gbà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni nọ́ńbà 15. Ẹ wọ̀ ọ́ ní apá Trafalgar Square, ẹ gòkè lọ tààrà, ẹ lọ síwájú pátápátá, ìjókòó tó wà níbi gíláàsì ńlá yẹn, níbi tó jẹ́ pé kò sí nǹkan kan láàárín yín àti ojú ọ̀nà, ẹ̀ka igi gan-an á máa gbá gíláàsì gbì-gbì bí bọ́ọ̀sì ṣe ń kọjá lábẹ́ ẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ á tẹ orí ba. Ó máa gba Strand, ó máa bọ́ sí Fleet Street tó jẹ́ ojúkò àwọn oníwèé ìròyìn láyé ijọ́un, ọ̀nà yẹn á wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, bẹ́ ẹ bá gbójú sókè lódìkejì báyìí, òrùlé róbótó ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ti wà níwájú yín, bí bọ́ọ̀sì sì ṣe ń gun Ludgate Hill ló ń tóbi sí i títí ẹ ò fi ní rí nǹkan mìíràn mọ́. Mo ti rí fọ́tò ilé yẹn títí, fọ́tò ò ṣe nǹkan kan sí mi lára, àmọ́ bó ṣe ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀ látòkè bọ́ọ̀sì yẹn, mo dákẹ́ ni. Christopher Wren ló yàwòrán ẹ̀ lẹ́yìn tí iná ńlá 1666 jó ti tẹ́lẹ̀ run. Bọ́ọ̀sì ọ̀hún náà ló máa gbé yín dé ìtòsí Monument, òpó gàgàrà tí wọ́n fi ṣe ìrántí iná yẹn, kò jìnnà sí Pudding Lane níbi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ nílé oníbúrẹ́dì, àtẹ̀gùn 311 ló wà nínú òpó náà fẹ́ni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn, Tower of London, níbi táwọn adé ọba wà. Gbogbo èyí, £1.75.

Nọ́ńbà 24 náà dáa gan-an, láti Pimlico ló ti ń bọ̀, ó ń kọjá níwájú Westminster Abbey àti Parliament, ó gba Whitehall lọ sí Trafalgar Square, lẹ́yìn náà apá British Museum, ó dé Camden Town, ó sì parí sí Hampstead Heath níbi tẹ́ ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn nínú pápá. Nọ́ńbà 9 ni kẹ́ ẹ wọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ sápá Hyde Park Corner àti Royal Albert Hall, tẹ́ ẹ bá sọ̀ níbẹ̀, ìrìn díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ dé ibi tí V&A (Victoria and Albert, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà), Natural History Museum àti Science Museum kóra jọ sí.

Ní ti bọ́ọ̀sì aláìlórùlé tí wọ́n ń tà fún àlejò, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọ̀kan nínú wọn ni mo wọ̀. Wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ lòmíì máa ń dé, a dúró dúró ẹsẹ̀ ń ro wá, nígbà tó sì dé ó ti kún. Íápíìsì tí wọ́n fún mi, etí kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ìtàn tó ń sọ sì ti fi ilé tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí sílẹ̀ lẹ́yìn. Òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa sáré lọ sísàlẹ̀. Iye tí mo san fún un ju owó bọ́ọ̀sì pupa fún gbogbo ìrìn àjò yẹn lọ fíìfíì. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa sọ ìtàn fóun lè gbádùn ẹ̀, bọ́ọ̀sì pupa ò ní sọ ìtàn kankan fún yín, orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù nìkan ló máa ń pè, torí náà ẹ ka díẹ̀ nípa ọ̀nà yẹn kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣètò, àdúgbò ni kẹ́ ẹ fi pín ọjọ́ yín, ẹ má fi bí ibì kan ṣe lókìkí tó pín in. Ọjọ́ kan fún apá Westminster dé Trafalgar, ọjọ́ kan fún apá St Paul's dé Tower, kẹ́ ẹ má baà máa sáré kiri ìlú bí ẹni tí ajá ń lé. Tí ọjọ́ Ẹtì bá bọ́ sínú ọjọ́ yín, ẹ fi mùsíọ́mù sí ìrọ̀lẹ́ ẹ̀, torí British Museum máa ń ṣí di 8:30 alẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, National Gallery di 9, V&A di 10, èrò sì ti dín kù nígbà yẹn. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé sí gbogbo wọn, àfihàn àkànṣe nìkan ni wọ́n ń gbowó fún. Tẹ́ ẹ bá dé British Museum, ẹ má jẹ́ kí òkú Íjíbítì gba gbogbo àkókò yín, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá 25 nísàlẹ̀, ibẹ̀ làwọn idẹ Bìní tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897 wà. Ẹ dúró níwájú wọn dáadáa. Ó dùn mí, orí mi sì tún wú, lẹ́ẹ̀kan náà. Sky Garden, ọgbà tó wà lókè téńté ilé gogoro kan, náà ò gbowó, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó sì máa ń tètè tán.

Ìràwọ̀ tí mo yọ ńkọ́? Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, bọ́ọ̀sì lè má kúrò lójú kan ní Strand, ìgbà míì ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ á ní kí ẹ ní sùúrù, bọ́ọ̀sì fẹ́ dúró díẹ̀ kí àlàfo tó wà láàárín òun àti èyí tó ṣáájú lè gún. Ìgbà míì sì rèé wọ́n á ní ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ ti yí padà, kí gbogbo èrò sọ̀. Hopper á bá yín san ti bọ́ọ̀sì tó kàn tí wákàtí ò bá tíì pé, àmọ́ àkókò yín ti lọ. Fún ìdí èyí, tẹ́ ẹ bá ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ní aago, ẹ wọ Tube lọ, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì bọ̀. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú ni nọ́ńbà 15 dùn jù, ọ̀nà á dá. Ẹ má sì wọ Tube láti Leicester Square lọ sí Covent Garden o, ibẹ̀ ò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá àgbà lẹ mú dání, bọ́ọ̀sì yìí gan-an ló yẹ wọ́n ju Tube lọ. Ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ Tube ni ò ní lííftì, àtẹ̀gùn ni ṣáá, àmọ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀sì wà nísàlẹ̀, ó sì ní pátákó tí dírẹ́bà máa ń nà síta fún kẹ̀kẹ́ arọ, àyè kẹ̀kẹ́ kan ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gòkè, àtẹ̀gùn inú ẹ̀ tóóró, bọ́ọ̀sì sì máa ń ṣí kí èèyàn tó jókòó. Àwọn ìjókòó iwájú nísàlẹ̀ wà fún àgbà, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀, ẹ rọra bẹ̀ ẹ́, á dìde. Tí ọkọ̀ òfúrufú yín bá gúnlẹ̀ sí Heathrow lóru, tí Tube ti pa, ẹ bèèrè bọ́ọ̀sì òru N9, £1.75 náà ni, Aldwych láàárín ìlú ló máa já yín sí.