FreeCAD 1.0: bí ó ṣe ń wọn ibi tó tẹ̀ lórí fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni

Bí oníbàárà bá fi fáìlì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sí tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ohun tí tọ́nà kọ́kọ́ nílò ni bí ihò bẹ́ríńgì ṣe tó, bí púlì ṣe fẹ̀ tó, àti bí ìdérí rẹ̀ ṣe tẹ̀ sí. FreeCAD 1.0, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, kò tún béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, ìyẹn nìkan tó láti gbà á.

Irinṣẹ́ Measure tuntun inú rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ẹ tẹ àmì rúlà, ẹ yan Radius dípò Auto, kí ẹ wá tẹ etí ihò náà. Nọ́ńbà á yọ lójú ẹsẹ̀, bí ẹ bá sì tẹ Save, á wà nínú iṣẹ́ náà títí. Ẹ rántí pé rédíọ̀sì, ìyẹn ìdajì fífẹ̀ ihò, ló ń fún yín: 12.5 mm túmọ̀ sí ihò 25 mm, èyí tí bẹ́ríńgì UCP205 ń lò. Bí ẹ bá ń wọ̀n láti àárín ihò kan sí àárín ìkejì, ẹ wo ìlà tó fà lójú kọ̀ǹpútà dáadáa. Bó bá jẹ́ láti etí dé etí, ẹ fi rédíọ̀sì méjèèjì kún un.

Ṣùgbọ́n irú fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló ń pinnu bóyá nọ́ńbà yẹn ṣeé fi gé irin. STEP ni kí ẹ máa béèrè, torí ó ń tọ́jú róbótó gẹ́gẹ́ bí róbótó. STL ò ní róbótó kankan nínú; onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ kéékèèké ló kún inú rẹ̀, Radius ò sì ní rí nǹkan dì mú. Ká ní wọ́n gé ihò 25 mm sí ẹ̀gbẹ́ 24: bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, 24.79 mm lẹ ó rí. Ṣáàfù tí wọ́n bá fi ìyẹn gé á máa yí lófo nínú bẹ́ríńgì.

Bí STL lẹ bá rí gbà, àṣẹ Create shape from mesh tó wà nínú Part (ọ̀kan lára àwọn ibi iṣẹ́ inú FreeCAD) ò lè dá róbótó padà, àmọ́ ó ń sọ àwọn ṣónṣó igun di ohun tí a lè tẹ̀. Àwọn ṣónṣó yẹn ló sábà ń wà lórí róbótó gidi. Ẹ lọ sí Draft, ibi iṣẹ́ míì nínú rẹ̀, ẹ mú Arc by 3 points, ẹ tẹ ṣónṣó mẹ́ta tó jìnnà síra, kí ẹ ka Radius nínú abala Data. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sún mọ́ra, àṣìṣe bíńtín á di ńlá. STL kì í sì í sọ bóyá íǹṣì ni àbí mm: bí ihò 25 mm bá jáde ní 0.98, íǹṣì ni, ẹ fi 25.4 sọ ọ́ di púpọ̀.

STEP náà lè tanni. Sọ́fítíwíà míì máa ń kọ ibi róbótó sílẹ̀ bí BSpline (ìlà tó tẹ̀ tí kò ní rédíọ̀sì kan pàtó), Radius á sì kọ̀ ọ́. Ẹ tẹ etí náà, ẹ ṣí Python console (ibi tí a ti ń kọ àṣẹ sí FreeCAD), kí ẹ kọ `Gui.Selection.getSelectionEx()[0].SubObjects[0].Curve`. Bó bá dáhùn pé Circle, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá jẹ́ BSplineCurve, ẹ lo ọ̀nà ṣónṣó mẹ́ta, tàbí kí ẹ fọwọ́ ṣírò rẹ̀: ẹ wọn gígùn c ní ìlà tààrà láti etí kan ibi tó tẹ̀ dé etí kejì, àti gíga h láti àárín ìlà yẹn dé ibi tó tẹ̀; rédíọ̀sì R = c²/(8h) + h/2. c tó jẹ́ 60 mm pẹ̀lú h tó jẹ́ 10 mm yóò fún yín ní 50 mm. Ẹ ṣe é níbi méjì. Bí èsì bá yàtọ̀ síra, kì í ṣe róbótó kan ṣoṣo nìyẹn, ẹ má fi rédíọ̀sì kan gé e.

Àléébù kan tó dùn mí: fáìlì tó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà máa ń wọ́ lórí kọ̀ǹpútà oní-4 GB. Ẹ yan ẹ̀yà tí ẹ ò nílò, kí ẹ tẹ spacebar láti fi í pamọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n.