Godot, LÖVE tàbí Pygame: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣe géèmù mú?

Ayò ọlọ́pọ́n ni géèmù tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí mọ́tò tó ń sáré. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko kọjá kí ọmọ ayò kan ṣoṣo tó kúrò nínú ihò kan bọ́ sí òmíràn lójú kọ̀ǹpútà mi. Kóòdù rẹ̀ kò le. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe é ló tóbi ju kọ̀ǹpútà mi lọ.

Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo ní, RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB. Ẹ́ńjìnì ńlá kan (ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù) ni mo lọ dáńlóòdù, ó sì lé ní 10 GB kó tó pé. Dátà òru ni mo rà, mo jókòó tì í. Ó ku díẹ̀ kó parí ni wọ́n múná lọ. Nígbà tíná dé, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo tún ra dátà mìíràn. Ó wọlé tán, wàhálà gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá yí nọ́ńbà kan péré padà, ká ní mo sọ 4 di 5, màá dúró, fáànù á máa han bí ẹ̀rọ ìlọta, mo lè lọ pọn omi kí n padà dé kó má tíì ṣetán. Bátìrì tó yẹ kó gbé mi fún wákàtí méjì, ìdúró ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣàṣìṣe nígbà ogún láàárín wákàtí kan. Tí ẹ bá ń fi ìṣẹ́jú méjì dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogójì ìṣẹ́jú ti wọgbó. Nítorí náà, ẹ má tíì wo bí àwòrán rẹ̀ ṣe dára tó. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè ni pé: tí mo bá yí ìlà kan padà, ìgbà wo ni màá rí i?

Lórí èyí, kò sẹ́ni tó lè bá LÖVE du ipò kìíní. Kò tó 10 MB. Lua ni èdè rẹ̀, èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní yunifásítì kan ní Rio de Janeiro, ní Brazil, lọ́dún 1993. Fáìlì kan tó ń jẹ́ main.lua ni ẹ máa kọ. Ẹ fa fódà rẹ̀ sórí LÖVE, géèmù ṣí lójú ẹsẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: láti 1 ni Lua ti ń kà, nígbà tí Python (èdè tí Pygame ń lò) àti GDScript (èdè tí Godot ń lò) ń kà láti 0. Nínú Lua, ihò tó kàn ni `iho % 12 + 1` (`%` ń mú ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn pípín wá). Nínú GDScript, `(iho + 1) % 12` ni. Mo fi ti GDScript sínú Lua, ọmọ ayò dé ihò 11, ó wá ihò 0 lọ, kò sì sí ihò 0 lórí ọpọ́n mi. Ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, ó sọ ìlà tí àṣìṣe náà wà gẹ́lẹ́. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣí, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Pygame dára fún ẹni tó bá ti gbọ́ Python tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbé e lọ sórí fóònù kì í ṣe iṣẹ́ òpè.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá? Scratch, níbi tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù dípò kíkọ kóòdù, ni kí ẹ fún un.

Tí RAM yín bá tó 16 GB, tíná yín sì ń dúró, àwọn ẹ́ńjìnì ńlá bíi Unity tó ń lo èdè C# àti Unreal tó ń lo èdè C++ wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì wà fún ẹni tó mọ̀ wọ́n.

Godot ni mò ń lò báyìí. Argentina ló ti wá, ọ̀fẹ́ ni láti 2014, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín léèrè owó lórí ohun tí ẹ bá fi ṣe. Kò tó 150 MB; ẹ tú u, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. GDScript jọ Python débi pé ẹni tó mọ ọ̀kan á lè ka èkejì. Ihò kan ṣoṣo ni mo yà, mo wá dà á kọ lọ́nà méjìlá. Nígbà tí mo yí àwọ̀ rẹ̀ padà, gbogbo wọn yí. Ibi tó ti máa jẹ dátà ni gbígbé e sórí fóònù: ohun tí ẹ máa fi ṣe é tó nǹkan bí 1 GB, ẹ ó sì tún wá Java àti Android SDK (àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe áàpù fóònù Android) kún un. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe èyí, títí ẹ ó fi pààrọ̀ ẹ̀dà Godot yín.

Ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí kóòdù ṣe ń ṣiṣẹ́, tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, LÖVE tó o. Ẹni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn ta ayò rẹ̀ lórí fóònù, kó lọ sí Godot. Bàbá mi, ọ̀ta ni wọ́n nídìí ayò, tèmi wà lórí fóònù wọn báyìí. Tí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lórí kọ̀ǹpútà bíi tèmi, Godot á bi yín léèrè ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kó máa gbà yàwòrán: Compatibility, èyí tó fúyẹ́, ni kí ẹ mú, ẹ fi Forward+, tó fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára, sílẹ̀.