Oògùn apakoríko tí mo ń fín sínú oko kọfí

Glyphosate ni, ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọmù-Àrán ni mo ti rà á. Mo wo nọ́ńbà NAFDAC ara ike rẹ̀ dáadáa kí n tó sanwó. Ẹni tó ń tà á sì sọ̀rọ̀ kan tó ṣe mí láǹfààní: "Ìyá, ẹ má fi omi odò pò ó o." Òótọ́ ni, ẹrẹ̀ inú omi máa ń pa agbára rẹ̀. Omi kànga ni mo lò.

Kọfí mi kò tíì ga ju orúnkún lọ, ẹ̀kan sì ti gba àárín wọn. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀kan: ẹ ro ó lónìí, kò ní pẹ́ tí á tún yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ọkọ́ pàápàá kò dára fún kọfí kékeré, torí òkè ilẹ̀ ni gbòǹgbò wẹ́wẹ́ rẹ̀ wà.

Oògùn yìí kì í kánjú. Ewé ló ń gbà wọlé, á wá rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀kan ti pọ́n. Mo fa ìdí kan tu, gbòǹgbò funfun ọ̀hún ti dúdú, ó ti rọ̀. Paraquat tí a ń lò tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe èyí. Ewé nìkan ló ń jó, ìdí á sì tún hù. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2024, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, májèlé gidi ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fà á yọ fún yín lábẹ́ káńtà, ẹ má gbà á.

Àléébù ibẹ̀ ni pé kò mọ kọfí yàtọ̀ sí koríko. Àwọn ọmọ tó ń gbowó fín oògùn lágbègbè wa, wọ́n á kàn gbé ẹnu pọ́ǹpù sókè bí ẹni ń fín kòkó. Lóko aládùúgbò mi, ewé tuntun yọ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí kọfí, ó pọ́n, igi ò sì dàgbà mọ́. Èmi gé ìdí kẹ́ẹ̀gì kúrò, mo fi bo ẹnu pọ́ǹpù, àárọ̀ kùtù tí atẹ́gùn ò tíì dé ni mo sì ń fín. Ìdí kọfí gan-an, ọwọ́ ni mo fi ń tu koríko ibẹ̀.

Bí òjò bá rọ̀ kí wákàtí mẹ́fà tó pé, owó ti wọmi nìyẹn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, koríko gbígbẹ kì í mu oògùn. Tìtorí ẹ̀kan, màá tún rà á. Koríko wẹ́wẹ́ lásán, àdá ti tó o.