Àgbéyẹ̀wò mi: àwọn ibi tí a ti rí òye àti alábàárò nígbà tí jẹjẹrẹ ọyàn ṣe ẹ̀gbọ́n mi

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí jẹjẹrẹ ọyàn bá kan ẹbí rẹ̀ ni pé kó mú ìwé àbájáde àyẹ̀wò dání kó tó ṣí ìkànnì kankan. Ìwé tó ń jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò ni mò ń sọ. Oríṣiríṣi ni jẹjẹrẹ ọyàn. Oògùn tó bá ẹnìkan lára mu lè má wúlò rárá fún ẹnìkejì, nítorí náà ẹni tó bá ń kàwé láì mọ irú èyí tó wà lára aláìsàn tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń kà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó ṣe. Àwọn ń gba ìtọ́jú, èmi ń kàwé, mò ń pe fóònù, mo sì ń kọ ìbéèrè sílẹ̀ de dókítà. Ojú ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ni mo fi wo gbogbo ohun tí màá sọ níbí, àmọ́ mo bi wọ́n léèrè kí n tó kọ ọ́. Ibi tí ẹnu wa kò ti kò, màá sọ.

Breastcancer.org ni mo lò jù. Dókítà Marisa Weiss, tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ, ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Ní 2010, wọ́n rí àìsàn kan náà lára òun fúnra rẹ̀. Apá tó ń ṣàlàyé ìwé àbájáde àyẹ̀wò ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Lórí ìwé ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ “Grade 3”, àwọn ará ilé sì ti ń sunkún pé ó ti dé ìpele kẹta, pé ó ti tàn ká. Ibẹ̀ ni mo ti rí i kà pé ọ̀tọ̀ ni grade, ọ̀tọ̀ ni stage. Grade, láti 1 dé 3, ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ṣe yàtọ̀ tó sí sẹ́ẹ̀lì ọyàn tó dá ṣáṣá, èyí tó tún ń jẹ́ ká mọ bó ṣe ṣeé ṣe kó yára dàgbà tó. Stage, láti 0 dé IV, ló ń sọ bí kókó náà ṣe tóbi sí, bóyá ó ti dé àwọn kókó kéékèèké abẹ́ abíyá, bóyá ó ti lọ sí egungun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ibòmíì. Ènìyàn lè ní grade 3 kó sì wà ní stage I. Mo pe gbogbo ilé jọ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kà á fún wọn, ọkàn wọn sì rọlẹ̀ díẹ̀.

ER, PR àti HER2 ló tún wà lórí ìwé náà. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ bóyá họ́mónù ara ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn bíi tamoxifen máa ń wúlò, ènìyàn sì lè máa lò ó fún ọdún 5, nígbà míì kó tó ọdún 10. HER2 ní tirẹ̀, èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí jẹjẹrẹ dàgbà tó bá pọ̀ jù, máa ń gba máàkì láti 0 dé 3+. 3+ túmọ̀ sí pé ó pọ̀, oògùn bíi trastuzumab sì wà fún un. 0 àti 1+ kò pọ̀. 2+ ni kò tíì dájú, àyẹ̀wò mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. 2+ ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí pé a ti kà á, ohun tí a kọ́kọ́ bi dókítà ni ìgbà tí èsì àyẹ̀wò kejì máa jáde. Ó gbójú sókè wò wá, ó fa àga rẹ̀ mọ́ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹni ń bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Torí èyí nìkan, mi ò lè gbàgbé ìwúlò ìkànnì yẹn.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ìtọ́jú gan-an, National Cancer Institute, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀dà méjì ni àkójọ tí wọ́n ń pè ní PDQ máa ń ní, ọ̀kan fún aláìsàn, ọ̀kan fún àwọn oníṣègùn, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn sì máa ń wà lójú ewé náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa wo ẹni tó kọ nǹkan, ìgbà tó kọ ọ́, àti ohun tó fẹ́ tà. Ibi tí wọ́n bá ti sọ pé ìyẹ̀fun kan ń lé jẹjẹrẹ lọ, tí ibi ìsanwó sì wà nísàlẹ̀, mi ò kà á parí.

Ìlà tẹlifóònù náà ràn wá lọ́wọ́ gidi. Macmillan Cancer Support, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1911, ní irú rẹ̀. Breast Cancer Now náà ní tirẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì wà lórí ìlà náà. Ẹ má pe irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti béèrè bóyá oògùn tí dókítà kọ ló dára jù. Fáìlì aláìsàn kò sí níwájú wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni kí wọ́n fetí sílẹ̀, kí wọ́n bá yín to ìbéèrè yín, kí wọ́n sì sọ èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ àwọn kókó abẹ́ abíyá ẹ̀gbọ́n mi, apá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù ṣàlàyé pé omi tó yẹ kó máa ṣàn kúrò nínú apá kò rí ọ̀nà gbà dáadáa mọ́, pé ó lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti pé eré ìdárayá apá wà, aṣọ apá tó ń fún apá mọ́ra náà wà, kí a ní kí ilé ìwòsàn darí wa sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí pé tí apá náà bá gbóná, tó pupa, tí ibà sì dé, kí a gbéra lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo èyí kò tó obìnrin kan tí ẹgbẹ́ kan bá wọn wá, tí wọ́n ti gé ọyàn tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Orí fóònù ni àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀. Ohun tí wọn ò lè bá èmi sọ ni wọ́n ń bá a sọ: bí wọ́n ṣe máa wo ojú àpá náà nínú dígí, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lè fi sùn, ohun tí wọ́n máa sọ fún ọkọ, bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí àyà wọn kò fi ní já. Irú ìbẹ̀wò yìí ti pẹ́. Ní 1952, Terese Lasser, tí wọ́n ti gé ọyàn tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tó di Reach to Recovery nìyẹn, tí American Cancer Society gbà mọ́ra ní 1969.

Kí wọ́n tó bá yín wá ẹnìkan, ẹ sọ ọjọ́ orí aláìsàn, irú jẹjẹrẹ náà àti ibi tó dé. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí àìsàn náà ti tàn ká. Tó bá jókòó sáàárín àwọn tó ń ka ọjọ́ tí kẹ́mò wọn, ìyẹn oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, máa parí, kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí ìtọ́jú tirẹ̀ kò ní òpin. Living Beyond Breast Cancer ní ètò fún irú wọn, wọ́n sì dá Young Survival Coalition sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì ju ọmọ ogójì ọdún lọ nígbà tí wọ́n rí i. Àwọn ọkùnrin náà ń ní in, nǹkan bí 0.5 sí 1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ni ọkùnrin, ó sì ń dùn mí pé ìwé tí wọ́n ń fún wọn sábà máa ń dà bíi pé obìnrin nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún.

A wọ ẹgbẹ́ Wáàsáàpù kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹnìkan níbẹ̀ ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn họ́mónù, alábòójútó kò sì sọ nǹkan kan. A jáde. Ẹgbẹ́ tí nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ bá ń darí nìkan ni mo lè fọwọ́ sí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún aláìsàn pé tí kò bá wọ ẹgbẹ́, ó ń gé ẹ̀mí ara rẹ̀ kúrú. Ní 1989, ìwádìí Dókítà David Spiegel ní Amẹ́ríkà fi hàn bíi pé àwọn tí àìsàn náà ti tàn ká lára wọn, tí wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́, pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí Pamela Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, wíwà nínú ẹgbẹ́ kò fi kún ọjọ́ ayé wọn. Ó dín ìdààmú ọkàn àti ìrora wọn kù. Ìyẹn tó mi láti ní kí ènìyàn wọ ọ́.

Oògùn ojoojúmọ́ ló kù fún ẹ̀gbọ́n mi báyìí. Tamoxifen ń mú kí ara wọn gbóná lójijì lóru, wọ́n sì ti ń sọ pé àwọn kò lò ó mọ́. Mo padà sórí Breastcancer.org, a kọ ohun tí oògùn náà ń ṣe sí wọn sílẹ̀, ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe le tó, a sì kó o lọ bá dókítà. Dókítà wá nǹkan ṣe sí ooru náà, wọ́n sì ṣì ń lo tamoxifen wọn.